Ayò Ìkẹyìn Onyeije

Ẹ̀yìn ni ọkọ̀ Jímọ̀ fi wọlé, ó sì ti fi táyà tẹ òdòdó pupa etí ọgbà mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ráyè kígbe pé ó tó. Eruku kò tíì rọlẹ̀ tí Súlìyát fi sáré yọ láti inú ilé, ọpọ́n ayò wà lábíyá rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti tú sí ọrùn.

"Bùrọ̀dá Jímọ̀, ẹ dákun, ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn ná."

Jímọ̀ yọrí lójú fèrèsé. Ọmọ Ìwó ni, awakọ̀ ìjọba, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ sókè nígbà gbogbo bí ẹni tó ń bá ará òdìkejì odò sọ̀rọ̀. "Àǹtí Súlì, láti Ẹnúgu ni mo ti ń bọ̀ láti ìdájí. Omi nìkan ló wà níkùn mi. Ẹnì kan ni wọ́n ní kí n wá gbé, ẹ gbé e fún mi kí n máa lọ. Àbí ayò lẹ fẹ́ bá mi ta?"

"Ẹni tí ẹ wá gbé ni mo fẹ́ bá ta á."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó pa ẹ́ńjìnnì. "Ẹ̀yin yìí," ó ní, "ó jọ pé ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ní kí n wá gbé."

Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ náà ni gbogbo ilé ń pè ní Onyeije. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Alárìnrìnàjò ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Íbò, nítorí ẹ̀bá títì ni àwọn sójà ti gbé e nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, níbi tó ti ń rìn lọ láìní bàtà lẹ́sẹ̀, tí kò sì lè sọ ibi tó ń lọ. Láti ọjọ́ náà títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, tí àgbàdo fi gbó lóko, kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Kì í bá ènìyàn jà. Ó ń jẹun, ó ń wẹ̀, bí o bá kí i, á mi orí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó ti gbé e pa mọ́ síbì kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ilé ńlá kan ní GRA, nínú ìlú Onitsha, ni ìjọba fi ṣe ibùgbé fún irú wọn, àwọn tí ogun kò gé lápá, tí kò gé lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n tó ti já nǹkan nínú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni dókítà, tó jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, sọ ọ́ láì fi bọpo bọyọ̀ pé ibùsùn kò tó mọ́. Ẹni tí kò bá ní ìbátan tó lè wá mú un, wọn yóò gbé e lọ sí ilé ńlá àwọn alárùn ọpọlọ, lọ́nà jíjìn réré, níbi tí àwọn tó ń wọlé ti pọ̀ ju àwọn tó ń jáde lọ.

"Bí ó bá lè dárúkọ ìlú rẹ̀ lásán," dókítà sọ fún Súlìyát, "n ó ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìlú nìkan, Súlìyát. Mi ò tíì béèrè orúkọ ìyá rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Súlìyát ń gbé sùn, òun náà ló ń gbé jí.

Níbi tí òyìnbó tó kọ́kọ́ gbé ilé náà máa ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí ni wọ́n fún un láti máa ṣiṣẹ́. Òórùn epo ṣì wà lára ilẹ̀. Ibẹ̀ ló kó amọ̀ sí, àti ọ̀dà, àti òwú, ibẹ̀ ni àwọn aláìsàn sì ti ń mọ ìkòkò, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń ta ayò. Ní ilé ìwòsàn kan l'Abẹ́òkúta ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, pé ọgbẹ́ kan wà tí oògùn oníhóró kì í dé, tí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹnu tó ń kọrin lè dé. Ìyá rẹ̀ kò gbà. "Mo rán ọ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì," ni ìyá máa ń wí, "eré lo kọ́ bọ̀! Ọmọ ta ló ń gbowó oṣù lórí eré?" Síísítà Nwakaego, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, náà kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì Eléré ló ń pè é. Ṣùgbọ́n ojú Síísítà yìí kan náà ni obìnrin kan tó ti kọ oúnjẹ sílẹ̀ ṣe jókòó ti amọ̀ títí tó fi mọ ìkòkò kékeré kan, tó gbójú sókè, tó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i fún òun. Láti ìgbà náà, bí Síísítà ti ń fi Súlìyát ṣe yẹ̀yẹ́ tó, òun náà ló ń bá a wá amọ̀ kiri.

Onyeije kò fọwọ́ kan amọ̀. Kò bá wọn kọrin. Ayò nìkan ló gbà láti ta, lọ́jọ́ tí Súlìyát kọ́kọ́ gbé ọpọ́n yìí wá.

Ọpọ́n bàbá Súlìyát ni. Fegge, àdúgbò kan nínú Onitsha yìí kan náà, ni wọ́n bí Súlìyát sí, níbi tí Àdìó bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ òkè. Nígbà tí wọ́n sá lọ kí ogun tó bẹ́, wọ́n gbàgbé ọpọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àdìó kò padà wá. Ìsẹ́yìn ló kú sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Súlìyát padà, obìnrin Íbò tó jẹ́ aládùúgbò wọn wọ kọ́rọ̀ ilé ìdáná, ó sì gbé ọpọ́n náà jáde, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti jóná. "A fi ilẹ̀kùn dáná," obìnrin náà ní, "a fi àga dáná. Mo ti ki èyí náà bọná, mo tún sáré fà á yọ. Mo ní bàbá rẹ yóò bínú sí mi."

Ọ̀nà méjì ni Súlìyát mọ ayò ta. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, bí àwọn ará àdúgbò bá wá, ti Íbò, tí wọ́n ń pè ní okwe, ni wọ́n ń ta: bí ọmọ ayò tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ bá bọ́ sí ilé tó ní ọmọ nínú, kí o kó gbogbo rẹ̀, kí o máa gbìn ín lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku Àdìó àti àwọn ará Ìsẹ́yìn, ti ilé ni wọ́n ń ta: ibi tí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí, ibẹ̀ lo dúró, bí ó bá sọ ilé ẹni kejì di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́ nìyẹn. Ti Íbò ló ń bá Onyeije ta, nítorí ó rí i pé òun ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó ń ta á jẹ́jẹ́, láìsọ̀rọ̀. Bí àǹfààní bá sì yọ, á ṣe bí ẹni tí kò rí i, kí ọkùnrin náà lè jẹ. Olùkọ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kì í ṣe aláìsàn lèèyàn ń bá jiyàn. Ojoojúmọ́ ni Onyeije ń jẹ, ojú rẹ̀ kì í sì í yí padà.

Nígbà tí Súlìyát wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ yìí, Onyeije ti jókòó, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún un fún ìrìn àjò. Wọ́n ti di ẹrù rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà: bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, agolo ìmumi kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Súlìyát gbé ọpọ́n sáàárín wọn. Ó ti ní òun yóò sọ nǹkan, ọ̀rọ̀ ìdágbére bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀. Ó kàn pín ọmọ ayò sílé.

Wọ́n ń ta á lọ. Jímọ̀ wá fara ti ògiri ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fún un. Jímọ̀ kì í ṣe ẹni tó lè wo ayò kó panu mọ́.

"Háà! Àǹtí, ilé yẹn ti kún, ẹ ò rí i ni?"

Súlìyát bu ilé mìíràn, ó fi èyí tó kún sílẹ̀.

"Ó tún jẹ yín. Ẹ gbà mí o! Irú ọmọ Ìsẹ́yìn wo nìyí? Bàbá tó kọ́ yín láyò, ṣé ojú ń dùn ún ni?"

"Bùrọ̀dá Jímọ̀, ẹ jẹun yín."

"Mò ń jẹun mi, òun náà ń jẹ yín! Òpè! Ṣé ohun tẹ́ ẹ ní kí n pa ọkọ̀ torí ẹ̀ nìyí?"

Bóyá nítorí bàbá tó fà wọ inú ọ̀rọ̀ náà ni. Bóyá nítorí ọkọ̀ tó ń dúró níta ni, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì gbóná. Súlìyát sún mọ́ ọpọ́n. Ó bu ilé tó kún jù lápá ọ̀tún rẹ̀, ó gbìn ín yí ká, ọmọ ìkẹyìn bọ́ sí ilé Onyeije kan tí méjì wà, ó di mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró gbàṣẹ lọ́dọ̀ orí. Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, gẹ́gẹ́ bó ti rí Àdìó tó ń ṣe é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ìgbà èwe rẹ̀, ohùn Àdìó sì gba ẹnu rẹ̀ jáde.

"Òpè! Mo jẹ ẹ́!"

Ọwọ́ kan gbá a mú ní ọrùn ọwọ́.

"Mba," Onyeije wí. Rárá.

Ohùn náà há, bí ilẹ̀kùn tí òjò ti wú, tí wọ́n wá fi agbára ṣí. Búrẹ́dì dúró lẹ́nu Jímọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré wá sẹ́nu Súlìyát. Ndo, má bínú, àṣìṣe ni, jẹ́ kí n dá a padà. Ó ti la ẹnu. Ó wá rí ojú ọkùnrin náà, ojú tí kì í yí padà, tó ń jó nísinsìnyí bí ẹ̀yinná tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Ìbínú ni, ìbínú gidi, ti ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní ojúkorojú. Ó sì yé Súlìyát pé bí òun bá bẹ̀ ẹ́, yóò gbà, yóò mi orí, yóò sì padà síbi tó ti wá.

Ó pa ọmọ ayò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Mba kí ni?" ó fi Íbò dá a lóhùn. "Mo ti jẹ ẹ́, mo ti jẹ ẹ́ nìyẹn."

"O kò jẹ ẹ́. Kó wọn, kí o máa gbìn ín lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Báyìí ni bàbá mi ṣe ń ta á."

"Bàbá rẹ ń rẹ́ ènìyàn jẹ!"

"Bàbá mi kẹ̀? Ọ̀ta ayò ni bàbá mi! Gbogbo Fegge ló mọ̀ ọ́n. Ìwọ ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti mọ ìwọ?"

"Ogidi!" ọkùnrin náà kígbe. "Gbogbo Ogidi! Lọ béèrè! Lọ béèrè ní Ogidi bóyá ẹnì kan wà tó tó rẹ́ Udemezue jẹ nídìí okwe!"

Ẹnu ọkùnrin náà ṣì là sílẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pè é láti ẹ̀yìnkùlé. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Súlìyát.

"Kí ló wí?" Jímọ̀, tí kò gbọ́ Íbò, béèrè. "Kí lẹ jọ ń jà sí?"

"Ogidi ló wí." Súlìyát kọjú sí i. "Ó ní ará Ogidi ni òun. Bùrọ̀dá Jímọ̀, ẹ sáré pe dókítà."

"Ogidi? Ogidi tí mo gbà kọjá láàárọ̀ yìí? Mo dúró rọ omi sínú ọkọ̀ níbẹ̀! Ogidi tí èèyàn á gun kẹ̀kẹ́ dé kí iṣu tó jinná!" Ó ti ń sáré lọ, ó ń pariwo orúkọ ìlú náà bí ẹni tó ń pe èrò ọkọ̀.

Dókítà dé pẹ̀lú Síísítà Nwakaego. Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà wolẹ̀. Dókítà tún un béèrè. Ojú ọkùnrin náà ti ń padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọn yóò ní àlá ni Súlìyát lá.

Nígbà náà ni ọkùnrin náà na ìka sí ọwọ́ Súlìyát tó dì.

"Ẹ sọ fún un," ó wí, "kí ó kọ́kọ́ dá okwe mi padà."

Síísítà Nwakaego búsẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri, tó ń fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nu ojú. "Nọ́ọ̀sì Eléré, olè! Dá ohun olóhun padà!" Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Súlìyát ṣí ọwọ́, ó dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà kà á lójú títí tó fi pé, lẹ́yìn náà ló wá gbójú sókè sí dókítà.

"Udemezue," ó wí.

Jímọ̀ ni wọ́n rán lọ sí Ogidi. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ló bí Udemezue. Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ fún aláìsàn pa, ó ní òun yóò wá ilé wọn rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pidgin nìkan lòun ní lẹ́nu. Kó tó lọ, ó tún yọrí lójú fèrèsé.

"Àǹtí Súlì, ẹ má bínú pé mo pè yín lópè."

"Ẹ máa lọ jàre," Súlìyát ní. "Ẹ ṣeun. Ẹ rọra wakọ̀."

Ó dúró títí eruku fi rọlẹ̀ lórí òdòdó tí táyà tẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, irú èémí tí kò tíì mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, omi sì yọ lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pè é. Ó nù ún kúrò. Ó padà wọlé.

Udemezue ti tún ayò pín sílé. Bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ṣẹ́ ẹ sábẹ́ ìdí.

"Jókòó," ó wí.

Súlìyát jókòó. Ọkùnrin náà ń wò ó, ọ̀rọ̀ ń wá sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wo bí odò ti jìn tó.

"O mọ̀ ọ́n ta," ó wí. "Láti ọjọ́ yìí wá. O mọ̀ ọ́n ta, o kàn ń jẹ́ kí n máa jẹ ni."

Ẹ̀bùn ni Súlìyát ka gbogbo jíjẹ náà sí. Kò rò ó rí bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó jókòó sápá kejì ọpọ́n ní gbogbo ọ̀sán wọ̀nyẹn, tó ń ta, tó ń jẹ, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀.

Ó fa gèlè rẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó tún un wé, ó dì í le. Ó fa ọpọ́n mọ́ra.

"Ti Ogidi ni, àbí ti bàbá mi?"

"Ti Ogidi."

"Ó dára. Ìwọ lo ń bẹ̀rẹ̀."

Udemezue bu ilé kan, ó gbìn ín. Ó wá kan Súlìyát. Ó wo àwọn ilé tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa, ilé kan lẹ́yìn òmíràn, bí Àdìó ti máa ń ṣe, kó tó na ọwọ́ sí ọmọ ayò kankan.