Ológbò Tí Ààrò Méje Ń Bọ́

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ fún ara yín láyè lórí ẹní, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà ní òun ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ ológbò ni mo gbé wá.

Ní Dzelukope létí òkun, níbi tí Akpene ti ń yan ẹja, òun àti Dela ológbò rẹ̀ nìkan ló jọ ń gbélé láti ọdún mẹ́jọ. Bí Senanu, dókítà ẹranko, bá ti dé lọ́dọọdún láti gún ajá àti ológbò àdúgbò ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, Akpene ló máa ń kọ́kọ́ dé. Kì í fi oògùn aràn Dela falẹ̀ rárá.

Lọ́dún yìí, Senanu gbé Dela sínú apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó fi kọ́ òṣùwọ̀n: kílò mẹ́jọ. Ó ní ìlọ́po méjì ológbò ni. Ó ní ara yìí á ba oríkèé rẹ̀ jẹ́, á sì fa àìsàn sí i lára, pé bí kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn kí òjò tó dé, kò ní pẹ́ láyé. Kí Màmá dín oúnjẹ rẹ̀ kù.

Akpene dín in kù. Nígbà tí oṣù parí, ó di mẹ́jọ ààbọ̀.

Senanu mí kanlẹ̀. “Màmá, ológbò kì í jẹ afẹ́fẹ́ sanra.”

“Dókítà, orí ẹja kan péré lóòjọ́ ni. Èmi gan-an ni mo ń rù. Àánú rẹ̀ ò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi.”

Akpene rí i pé dókítà kò gba òun gbọ́, inú bí i dé góńgó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tọ Dela lẹ́yìn.

Dela rìn gbẹ̀rẹ̀, ó yà sí ààrò Kafui,
Orí kan já wálẹ̀, pọ̀!
Dela rìn gbẹ̀rẹ̀, ó yà sí ààrò Yawa,
Orí méjì já wálẹ̀, pọ̀-pọ̀!

Ààrò àwọn ayanja ẹgbẹ́ Akpene mẹ́fà ló yà bẹ́ẹ̀, ìkeje ni ti Akpene fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ Kafui, eku kan gba iwájú rẹ̀ kọjá, Dela sì wò ó bí ẹni ń wo àlejò aládùúgbò.

Akpene béèrè ta ló ní kí wọ́n máa bọ́ ológbò òun. Kafui ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí iná. “Dáávì, ẹ̀gbọ́n mi, ẹja mi ló ń ṣọ́. Ṣé ọ̀fẹ́ lẹ fẹ́ kó máa ṣọ́ ọ ni?”

Akpene bẹ̀ ẹ́ kó jáwọ́. Kafui ní kí Yawa kọ́kọ́ jáwọ́, nítorí ẹni tó bá jáwọ́, Dela ò ní yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, eku á sì fi ẹja rẹ̀ ṣayẹyẹ. Yawa ní kí ará ẹ̀gbẹ́ òun kọ́kọ́ jáwọ́. Bí Akpene ṣe yí gbogbo ààrò po nìyẹn, tó tún padà bá ara rẹ̀ níwájú Kafui, bí ẹni ń fi ajere pọn omi.

Ó wá gbé agbada ńlá sábẹ́ igi àgbọn. Ó ní kò sẹ́ni tí òun ní kó jáwọ́ mọ́. Kí kálukú kó ìpín Dela tòní wá síbí, lẹ́ẹ̀kan náà, kí Senanu wọn èyí tó tọ́ sí i.

Wọ́n kó o wá. Orí ẹja mẹ́tàdínlógún.

“Ẹran kan ṣoṣo ló ń jẹ èyí lóòjọ́?” ni Kafui wí. “Ọkọ mi ò rí i jẹ bẹ́ẹ̀ rí.”

Senanu wọn ìpín Dela, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Yawa da ìyókù sínú ọbẹ̀ ilá, wọ́n ro àkplé, òkèlè àgbàdo wọn, wọ́n sì jẹ ẹ́; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe lójoojúmọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Dela fi ń ké láti ẹnu ọ̀nà kan dé ìkejì. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ń yan ẹja wọn lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó pa eku lọ́dọ̀ Kafui.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òṣùwọ̀n fi hàn pé ó ti di kílò méje ààbọ̀. Senanu tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá. Akpene bu ọbẹ̀ fún un lákọ̀ọ́kọ́, òun náà sì jẹ àjẹtẹ́rùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Kálukú wọn yó, wọ́n sì ń kọrin relé. Dela nìkan ló jókòó ti ìkòkò tó ti ṣófo, tó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn.