Ọ̀nà Karùn-ún

Ó ti rẹ obìnrin kóòṣì náà kí wọ́n tó yìnbọn eré. Kì í ṣe rírẹ̀ ọjọ́ kan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń dúró létí pápá, òòrùn ń pa á, òjò ń pa á, fèrè lọ́rùn, aago lọ́wọ́, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Àwọn tó ń kọ́ ní eré sísá kì í pe orúkọ rẹ̀, Màmá ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kò níye, ṣùgbọ́n méjì ló kù sí i lọ́rùn.

Àgbà inú wọn ni Kòrẹ̀ẹ́, abiyamọ ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tó máa ń yí pápá ká nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láì mí gúlegúle. Àbúrò ni Fìrí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí kò sá ju ìyípo kan lọ rí láyé rẹ̀. Kó o tó ní o rí i, ó ti kọjá. Àwọn méjèèjì lókìkí, kálukú nínú eré tirẹ̀, àmọ́ wọn kì í pàdé kí wọ́n má bú ara wọn. Kòrẹ̀ẹ́ á ní eré ti Fìrí, kí èèyàn tó sín tán ó ti parí, ṣé iyẹn náà ni wọ́n ń pè níṣẹ́? Fìrí á ní ti ẹ̀gbọ́n òun, èèyàn lè lọ sùn, kó jí, kó wẹ̀, kó padà wá bá a lójú ọ̀nà níbi tó ti ń wọ́ lọ bí ìgbín. Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá fi gbọ́ ọ. Ó ti sú etí rẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń ṣètò eré gbọ́ yẹ̀yẹ́ yìí, wọ́n ní ó yẹ kí ará ìlú wá wòran. Eré ìran wíwò lásán ni, kò sí nínú ìdíje kankan. Wọ́n ní káwọn méjèèjì pàdé láàárín: ìyípo kan àtààbọ̀. Ó gùn ju ti Fìrí, ó kúrú ju ti Kòrẹ̀ẹ́, ara kò ní rọ ẹnì kankan.

Ibi tó ti wá di ọ̀ràn ni pé Fìrí búra. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún láti ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ àná sì ti ń ṣáájú rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n yìí bá fi lè borí òun, òun á bọ́ bàtà oníṣó tóun fi ń sáré sílẹ̀ títí láé. Màmá mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán. Ó sì mọ̀ pé ọdún méjì tó dáa ṣì wà nínú ẹsẹ̀ ọmọ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, àwọn méjèèjì wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má dá sí i, kó má pariwo sí ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ṣèlérí fún wọn. Ọmọ méjì ń jà, ta ni ìyá máa gbè?

Fìrí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọ̀nà karùn-ún láàárín àwọn ilà tí wọ́n fà yí pápá ká, ó fi ẹsẹ̀ ti irin lẹ́yìn kó lè fi ta ara síwájú. Kòrẹ̀ẹ́ nàró ṣánṣán ní ọ̀nà kejì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Èrò rẹ́rìn-ín. Ìbọn dún.

Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ibi tí kọ́nà àkọ́kọ́ bá ti tán ni kálukú ti ń fi ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n á gé wọ inú, sí etí koríko, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà kúrú sí. Gbogbo ẹni tó ń sá eré gígùn ló mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ orúkọ bàbá wọn. Kòrẹ̀ẹ́ gé wọlé. Fìrí kò gé. Ó dì mọ́ ọ̀nà karùn-ún rẹ̀ gbọnin, bó ṣe ń ṣe láti kékeré, nítorí nínú eré tirẹ̀, ẹni tó bá wọ ọ̀nà ẹlòmíràn, ó ti jáde nìyẹn.

Màmá kọ́kọ́ rò pé á wọlé tó bá yá. Kò wọlé. Kọ́nà kejì dé, ó ń gba ìta lọ, bí ẹni tó ń yí ilé ká nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Màmá wá inú ọdún mọ́kànlá tó ti ń kọ́ ọmọ yìí, kò rí ọjọ́ kan tó sọ ọ́ fún un. Kò sídìí tí ì bá fi sọ ọ́. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé orúnkún, bí wọ́n ṣe ń mí, àní bí wọ́n ṣe ń sùn. Kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúrò láàárín ilà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: wọlé. Ó dé ètè rẹ̀. Ó rántí ìlérí, ó gbé e mì. Ó korò.

Ká má purọ́, Fìrí sáré lọ́jọ́ náà. Ìta ló gbà yí gbogbo rẹ̀ ká, ó sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Kòrẹ̀ẹ́. Ìṣísẹ̀ méjì péré ni Kòrẹ̀ẹ́ fi ṣáájú rẹ̀ dé òpin.

Yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ gbóná, òógùn àti òróró ìfira ló ń rùn níbẹ̀. Fìrí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà. Kò sunkún. Ó ní ó ti parí, ẹsẹ̀ ti sin òun tó, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ pàrọwà. Kòrẹ̀ẹ́, tó yẹ kó máa fò, kò fò. Ó fi aṣọ ìnura bojú.

Ó wu Màmá kó dákẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ń rò ó kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀, kóun lọ sílé, kóun ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Ta ló máa mọ̀? Àmọ́ ó wo ọmọ náà níbi tó ti ń ká okùn bàtà mọ́ ọwọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù òkú mọ́.

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ ló já ọ kulẹ̀," ó ní. "Ọ̀nà tó o gbà ló jìn ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Ó yẹ kó o ti gé wọ inú lẹ́yìn kọ́nà àkọ́kọ́."

Fìrí gbójú sókè. "Ta ló sọ fún mi?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ. Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́, mi ò sọ ọ́."

"Ẹ sì ń wò mí níta?"

"Mò ń wò ọ́."

Kòrẹ̀ẹ́ ṣí aṣọ lójú. "Èmi náà rí ọ. Mo rò pé ò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé o fẹ́ gba ìta kó o ṣì nà mí. Ìbínú yẹn ni mo fi sáré." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ kò rí ẹni bá a rín in.

Fìrí tú okùn tó ti ká mọ́ ọwọ́. Ó ní òun ò fi eré sílẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ òun ò ṣẹ òun, kò sídìí tóun fi máa fìyà jẹ ẹ́. Màmá mí kanlẹ̀. Ọmọ náà kò tíì parí ọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò ní wá sọ́dọ̀ yín mọ́. Mo fẹ́ lọ mọ ohun tí mi ò tíì mọ̀."

Màmá ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dárúkọ kóòṣì kan fún un, ọkùnrin kan tó lẹ́nu bí abẹ ṣùgbọ́n tó mọṣẹ́. Fìrí kúnlẹ̀ dágbére, ó gbé àpò, ó fi bàtà há abíyá, ó jáde. Kò wẹ̀yìn.

Kòrẹ̀ẹ́ ti wọṣọ tán. Ó ní kí wọ́n máa lọ, ẹni tó fẹ́ ti ilé ti ń mi kọ́kọ́rọ́ lójú ọ̀nà. Màmá ní kó ní sùúrù díẹ̀, ara òun kò tíì gbà kóun dìde. Kòrẹ̀ẹ́ sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì í.