Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Kí?

Àwọn òyìnbó ní àṣà kan tí kò yé Sàúdátù títí dòní. Ọmọ wọn á jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, á ní òun fẹ́ fi ọdún kan sinmi kí òun tó wọ yunifásítì; tó bá sì máa sinmi náà, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni yóò lọ ṣe ní ìlú onílùú. Irú ìsinmi wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n nígbà tí Mùktárù, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, pè é pé Fadilah ọmọ òun náà fẹ́ sinmi irú ẹ̀, pé Makoko gan-an ni wọ́n pín in sí láti kọ́ àwọn ọmọdé níwèé, ìyá àgbà bú sẹ́kún ayọ̀ ní ìsọ̀ ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn rẹ̀ ní Mushin. Kò fojú kan ọmọ náà rí. Òkè òkun ni wọ́n bí i sí, orí fóònù sì ni Sàúdátù ti fún un ní oríkì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ: Àwẹ̀ró.

Àwọn tó kó Fadilah àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kò jẹ́ kí wọ́n lọ sílé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí ẹbí tó bá fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ wá sí Makoko lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, kí ọkọ̀ tó kó wọn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Àìsàn ọdún tó kọjá sì ti fa Sàúdátù gbẹ. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé bí ọmọ yìí bá lọ, ó lè má bá òun láyé mọ́ nígbà mìíràn. Kò sọ ti àìsàn náà fún Mùktárù. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi àwòrán òun ránṣẹ́, kí ọkàn ọmọ òun má baà dàrú níbi tó ti ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó di àádùn sínú ike, òun àti Azeezah, aládùúgbò rẹ̀, sì gba Makoko lọ. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ìyá tó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Kò sẹ́ni tó fi Fadilah han Sàúdátù. Bí ọmọbìnrin gíga kan ṣe yọ láàárín àwọn òyìnbó, pẹ̀lú iwájú orí Mùktárù àti èjí ẹnu Sàúdátù fúnra rẹ̀, ìyá àgbà ti mọ̀ pé òun nìyẹn.

Fadilah ń pín omi. Ó ń wo ojú àwọn ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Sàúdátù, ó rẹ́rìn-ín, ó na omi sí i, ó ní, "Hello, ma." Ó dúró díẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀.

Ó dun Sàúdátù wọra. Oríkì náà ti dé ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ló ń kúnlẹ̀ kí àgbà, kí àgbà tó fi oríkì gbé e dìde. Bó ṣe bá a nílé ìyá tirẹ̀ nìyẹn. Ó gba omi, ó gbé oríkì náà mì, ọmọ náà sì kọjá.

"Màmá, ẹ pè é now!" ni Azeezah wí.

"Kí n pe ta ni? Ṣé èmi ni màá kọ́kọ́ kí ọmọ tí mo bí bàbá ẹ̀?"

"Ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí, kò mọ̀ ọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Bàbá ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Á padà wá. Ẹ̀jẹ̀ á bá a sọ̀rọ̀."

Azeezah fẹ́ dìde lọ bá ọmọ náà, Sàúdátù di aṣọ rẹ̀ mú. Ṣé aládùúgbò ni yóò máa bẹ ọmọ-ọmọ òun pé kó wá kí òun?

Fadilah padà wá lóòótọ́. Ó tún gba iwájú bẹ́ǹṣì kọjá, ó ń rọra rìn, fọ́tò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sàúdátù gbójú sókè, ó ń retí orúnkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọn fèrè ọkọ̀. Fadilah ló wọ ọkọ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí ọkàn ìyá àgbà fi máa rọ̀, tó fi máa dìde, tó fi máa ké "Àwẹ̀ró!", ariwo ẹ̀rọ tó ń la pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ti lọ.

Kílẹ̀ tó ṣú, Mùktárù pè.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò lọ?"

"Mo lọ."

"Ẹ lọ kẹ̀? Ó kàn ń sunkún ni nígbà tó pè mí. Ó ní gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ lòun wò, kò sẹ́ni tó jọ ẹ̀yin inú fọ́tò tí mo fún un."

"Fọ́tò wo?"

"Èyí tá a jọ yà lọ́jọ́ tí mò ń lọ."

Sàúdátù fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nínú fọ́tò yẹn, ó sanra, ojú rẹ̀ kún.

"Mo ti sọ fún un pé ojú lè yí padà," ni Mùktárù ń wí. "Mo ní kó kàn fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní Àwẹ̀ró, ìyá mi nìyẹn, kó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ti ń fi ìkúnlẹ̀ náà dánra wò nínú pálọ̀ wa níbí látìgbà tí wọ́n ti mú un fún iṣẹ́ náà."

"Bá mi fún un ní fóònù."

"Wọ́n ti wọ bàálù, Màmá. Ó ti pa fóònù ẹ̀."

Ike àádùn náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ Sàúdátù. Ìkíni lásán ló fi du ọmọ náà, ó sì fi du ara rẹ̀ pẹ̀lú.

"Àwẹ̀ró," ló wí sínú fóònù.

"Màmá, èmi ni o. Mùktárù ni."

"Mo mọ̀," ni Sàúdátù wí, ó sì tún pe oríkì náà.