Ayùn Ẹlẹ́ńjìnì Ọkọ Mi

Inú mi máa ń dùn bí ayùn ẹlẹ́ńjìnì ọkọ mi bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ má bú mi. Obìnrin mìíràn a máa gbàdúrà pé kí ohun ìní ọkọ òun máa dára sí i. Èmi ní tèmi, àdúrà mi ni pé kí ìdọ̀tí dí ẹ̀rọ yẹn lọ́fun títí láé.

Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ìgbà tí ọkọ mi ń kan òrùlé kiri ni ó rà á, òun ni ó sì fi ń gé pákó gbọọrọ. Káfíńtà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, èmi pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ bí inú mi bá dùn sí i. Láti ìgbà tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, abẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ni ayùn náà ń gbé. Ògbólógbòó ṣòkòtò ni ó fi wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ó lè tó ọdún kan kí ó tó fà á jáde, kí ó fi gé ẹ̀ka igi kan, kí ó sì tún wé e padà. Bíréèkì tí ó yẹ kí ó máa dá ṣéènì rẹ̀ dúró ti kú tipẹ́tipẹ́.

Ọmọ wa obìnrin sọ ọ́ títí ó fi sú u. Á ní, "Bàbá, ẹ ju nǹkan yìí nù, kẹ́ ẹ ra tuntun." Káfíńtà á ní, "Èmi náà ti gbó. Ṣé ẹ máa ju èmi náà nù ni?"

Ahun ni ọkọ mi, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Bàtà tí ó fi ń lọ sí òde, oríṣiríṣi awọ ni wọ́n ti fi lẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí ó jẹ́ awọ rẹ̀ gan-an mọ́. Kì í pààrọ̀ nǹkan. N kò sì bá a jà sí i, nítorí èmi náà ti gbó lọ́wọ́ rẹ̀, kò pààrọ̀ mi.

Ìdí ife tíì ni ẹ̀rù mi ti bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a jókòó, à ń mu tíì. Ó fi ọwọ́ òsì di ife tirẹ̀ mú, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn ilé aládùúgbò wa kan tí ẹlòmíràn kàn tí kò tọ́. Ife náà já bọ́. Ó fọ́, tíì sì dà sí i lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ ọ̀rọ̀. Ó ká ìka rẹ̀ kò bí ẹni tí ó ṣì di ife mú, ó gbé ọwọ́ òfìfo lọ sí ẹnu. Ìgbà tí kò rí nǹkan mu ni ó tó wo ọwọ́ náà. Èmi yára wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọwọ́ yẹn. Ó máa ń lọ, ó sì máa ń bọ̀. Bí ó bá lọ, kì í sọ fún ẹni tí ó ni ín. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kò rìn dáadáa mọ́, pé kò gbọdọ̀ gun ibi gíga, kò sì gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo. Káfíńtà délé, ó sọ fún ọmọ wa pé dókítà ní kí òun dín iyọ̀ kù.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìjì kan jà. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka ńlá kan lára igi ẹ̀yìnkùlé wa, ṣùgbọ́n ẹ̀ka náà kò já. Ó gbé ara lé afẹ́fẹ́ lókè yàrá tí ọmọ wa àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń sùn sí. Bí atẹ́gùn kékeré bá fẹ́, á dún kẹ́ẹ́kẹ́. A kó ìyá àti ọmọ lọ sí pálọ̀. Mo fi fóònù pe àwọn agégi, wọ́n ní ìjì náà ti fún àwọn níṣẹ́ káàkiri ìlú, pé ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Káfíńtà gbọ́.

"Kí n jókòó, kí àwọn kan wá bá mi gé igi ẹ̀yìnkùlé mi? Èmi káfíńtà?"

Ó lọ fa ayùn jáde lábẹ́ tábìlì.

Mo dúró lójú fèrèsé kíṣìnì, mo ń wò ó bí ó ti ń fa okùn rẹ̀. Bí ó bá fà á, á wúkọ́, á sì dákẹ́. Gbogbo ìgbà tí ó bá wúkọ́ ni àyà mi ń já. Mo rí ọkọ mi lókè àkàbà lọ́kàn mi. Mo rí ọwọ́ òsì yẹn ní iwájú ẹ̀rọ, ọwọ́ tí ó lè lọ láìdágbére, tí ṣéènì ń sáré, tí kò sì sí bíréèkì. Mo ń ro ẹni tí yóò ṣa ohun tí ó bá já bọ́ sínú koríko, mo sì mọ̀ pé èmi ni. Mo di etí tábìlì mú.

Ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́. Ó fà á títí tí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dé fìlà, ó ní òun ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí ó wò ó bóyá ó ṣeé tún ṣe.

Ọ̀nà àbùjá ni mo gbà, mo sì ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Mẹkáníìkì yẹn, Ó-ku-díẹ̀ ni à ń pè é, nítorí ìgbàkígbà tí o bá béèrè ohun tí o gbé fún un, ó ku díẹ̀ ni yóò sọ.

"Ìyá, ẹ mí ná. Ta ló ń lé yín?"

"Káfíńtà ń gbé ayùn ẹ̀ bọ̀. Jọ̀ọ́, sọ fún un pé ó ti kú."

"Mi ò tíì rí aláìsàn, ẹ ti ní kí n kéde òkú."

"Mi ò wá ṣàwàdà."

"Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ irọ́ pa, Ìyá."

"Gbogbo ẹni tó ń gbé nǹkan wá síbí, ó ku díẹ̀ lò ń wí fún wọn. Kí nìyẹn ń jẹ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí i pé èmi kò bá a rẹ́rìn-ín, ó dá ẹ̀rín náà dúró. "Tó bá ní òun máa ra tuntun ńkọ́?"

"Ọkọ mi? Ẹni tí kì í pààrọ̀ okùn bàtà?"

Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun yóò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Káfíńtà padà dé, ó gbé ayùn sílẹ̀, ó sì jókòó sórí àga láìbọ́ fìlà. "Ó ti kú," ó wí. Mo ní ó mà ṣe o. Mo fa ojú ro bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Mo wọ kíṣìnì lọ láti dáná, mi ò sì mọ ìgbà tí orin bọ́ sí mi lẹ́nu. Ara mi fúyẹ́. Ó ti pẹ́ tí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti jáde nínú ìkòkò mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó jáde láìsọ ibi tí ó ń lọ. Nígbà tí ó padà, páálí ńlá kan wà ní èjìká rẹ̀. Ayùn tuntun ni. Ọmọ wa yọ̀. "Ẹ wò ó, Màmá, èyí ní bíréèkì, ó tún fúyẹ́. Bàbá mà yípadà."

Káfíńtà rọ epo sí i, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀rọ náà ké, ó sì ń ké lọ. Èyí tí ó ti gbó, ó máa ń rẹ Káfíńtà kí ó tó gbà fún un. Èyí kò ní kí ó rẹ ẹnikẹ́ni. Irọ́ tí mo pa láti gbà á sílẹ̀ ni ó gbé ayùn tí kì í kọ̀ lé e lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka igi náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo rí àkàbà tí ó ti fi ti igi, ṣùgbọ́n òun kò sí níbẹ̀. Mo lọ wò ó ní yàrá ẹ̀yìn.

Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ayùn tuntun náà lé itan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí irin tí wọ́n fi ń di iwájú ẹ̀rọ náà mú. Ó ti wé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọwọ́ àti irin pọ̀, ó fi eyín di etí aṣọ náà kan mú, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún wá èkejì. Nígbà tí ó rí mi, ó tu aṣọ náà kúrò lẹ́nu.

"Kókó ẹ̀ ò dúró. Wá bá mi so ó."

"Tí ọwọ́ yìí bá lọ nígbà tẹ́ ẹ wà lókè ńkọ́?"

"Ìdí tí mo fi ń dè é nìyẹn. Tó bá lọ, kò ní lè jù ú sílẹ̀."

Ó ti rò ó já. Ìyẹn ni ó dẹ́rù bà mí ju ohun gbogbo lọ. Mi ò lè bínú, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sá.

"Mo mọ̀ pé o dé ọ̀dọ̀ Ó-ku-díẹ̀ ṣáájú mi," ó wí. "Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ fún mi pé ẹ̀rọ ti kú. Kò dùn mí. Mo tiẹ̀ ń sọ ọ́ lọ́nà pé ó dáa bẹ́ẹ̀, ká kúkú dúró de àwọn agégi. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo wá gbọ́ tí ò ń kọrin ní kíṣìnì. O ò kọrin mọ́ láti ọjọ́ tí ife ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, ṣé òkú mi lobìnrin yìí ń fi orin sin ni? Ìdí tí mo fi lọ ra tuntun nìyẹn."

"Torí pé ẹ máa wà láàyè ni mo ṣe ń kọrin."

Ó kọ ojú sí fèrèsé, ó ń wo ojú ọ̀run. "So ó, kí òjò tó dé."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo gba etí aṣọ méjèèjì, mo ta kókó kan, mo fà á. Mo dúró kí ó sọ pé ó ti tó. Kò sọ nǹkan kan. Mo tún fà á. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí ó pariwo, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún tì mí dànù, kí ó ní ṣé mo fẹ́ pa òun ni. Mo fi orúnkún ti ẹ̀rọ náà, mo fi gbogbo agbára mi fa aṣọ yẹn títí ó fi wọ inú ẹran ara rẹ̀, tí ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

"Ṣé o máa so ó ni àbí o ò ní so ó?" Ojú ọ̀run ni ó ṣì ń wò.

Ẹkún mi ni ó jẹ́ kí ó wo ìsàlẹ̀. Ó rí ibi tí aṣọ wọlé sí, ó rí ìka tí ó ti wú. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tí ó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún kan kókó náà.

"Tú u," ó wí. "Kó o pe àwọn agégi padà."

Kókó náà ti le jù, èékánná mi kò ràn án. Mo tẹ orí ba, mo ń fi eyín tú u. Eyín mi ń gé e lára léraléra, mo sì ń wí pé, "Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí lo ṣe?" ó bi mí.