Wáyà Tó Wọ́ Nínú Ògiri

Ìdajì irun orí Idwal ni Tudur onígbàjámọ̀ tíì gẹ̀ nígbà tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà.

"Mo rí Hefin, ọkọ ọmọ rẹ, níwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń gòkè lọ sílé rẹ, ó gbé dírílì dání. Ó ní òun fẹ́ kan ọ̀pá ìdìmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn kí Morfudd ìyàwó rẹ tó ti ọsibítù dé lọ́la. Ọmọ dáadáa. Mi ò mọ ohun tó rí lára ìwọ olórí kunkun yìí."

"Ẹ̀gbẹ́ wo ló fẹ́ kàn án sí?"

"Èmi ni mo kọ́lé rẹ ni? Ẹ̀gbẹ́ ògiri ìta ló pè é. Jókòó jàre, mi ò tíì..."

Idwal ti dìde. Aṣọ funfun onígbàjámọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe já síta sínú òjò.

"Idwal! Orí rẹ!" Tudur ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. "O dà bí àgùntàn tó sá mọ́ wọn lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ irun rẹ̀!"

Ògiri ìta ilé rẹ̀, bíi ti gbogbo ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ sórí òkè náà, méjì ni, wọ́n kọjú síra wọn, àlàfo tóóró sì wà láàárín. Inú irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni Idwal, oníṣẹ́ iná, ti fi ogójì ọdún wá oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀gá á wà ní àjà, á so ẹ̀wọ̀n kékeré mọ́ okùn, á sọ ọ́ sísàlẹ̀. Ọmọṣẹ́ á dúró nísàlẹ̀, á fi ìkọ́ wá okùn náà kàn. Wọ́n á so wáyà mọ́ ọn, wọ́n á fà á. Òfin kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: bí wáyà bá ti kúrò lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, òkè tààrà ló gbọ́dọ̀ gbà. Òun ni gbogbo ẹni tó ń lu ihò sára ògiri gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n á wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sún kúrò níbẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀.

Wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn Idwal ò lọ tààrà. Lọ́jọ́ tó ń fà á fún ẹ̀rọ ìfọṣọ Morfudd, sìmẹ́ńtì tó ti gan sínú àlàfo ń dá ẹ̀wọ̀n rẹ̀ dúró. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, ó há lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọjọ́ Sátidé ni, bọ́ọ̀lù sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òun nìkan ló ń gòkè, òun nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ló bá sún ẹ̀wọ̀n jìnnà, ó jẹ́ kí wáyà dagun gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kọjá. Ó ní òun á tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ò dé mọ́.

Bẹ́ẹ̀, òun kan náà ló lé Hefin, tó jẹ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, lẹ́nu iṣẹ́ nítorí irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ojú gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti sọ ọ́: "Ẹni tó bá jẹ́ kí wáyà wọ́ nínú ògiri, ikú ló fi pamọ́ de ọmọ ọlọ́mọ. Má dé ọ̀dọ̀ mi mọ́." Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà ni Hefin ń pín kiri.

Òkè náà ga, ẹsẹ̀ Idwal sì ti di ẹsẹ̀ àgbà. Ó mọ ohun tí Hefin máa ṣe, torí òun ló kọ́ ọ. Á wo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Á fi ọwọ́ òsì di páìpù irin omi gbígbóná tó wà lára ògiri mú kó lè dúró dáadáa, á fi ọ̀tún ti dírílì. Iná á gba ọwọ́ kan wọlé, á gba àyà kọjá sí ọwọ́ kejì. Ẹ̀rù ba Idwal débi pé ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lójú títì.

Ó gbọ́ ohùn dírílì kó tó dé ẹnu ọ̀nà. "Hefin! Dúró!" Èémí tó kù nínú rẹ̀ ò tó gbé igbe náà jìnnà. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló sáré sí, níbi tí àpótí fíúsì wà, ó sì já ọwọ́ tó ń pa iná gbogbo ilé wálẹ̀.

Rédíò ilé ìdáná dákẹ́. Dírílì ò dákẹ́. Bátìrì ló ń lò.

Idwal fara ti ògiri, kò mọ̀ bóyá òun ti pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ni ohùn dírílì yí padà, ó há, ó dákẹ́ pátápátá.

"Ta ló paná?" ohùn kan bi í látòkè.

Òkú kì í béèrè ẹni tó paná. Idwal fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Hefin sọ̀ kalẹ̀. "Bàbá! Kí ló ṣe yín lórí?"

"Fi orí mi sílẹ̀. Ṣé nǹkan kan ò ṣe ọ́?"

"Kí ló fẹ́ ṣe mí? Ẹ wo ẹnu dírílì." Rọ́bà aláwọ̀ eérú àti bàbà tó ń dán ti lọ́ mọ́ irin náà. "Wáyà ni. Mo wo sọ́kẹ́ẹ̀tì dáadáa, ó jìnnà síbi tí mo lu. Mi ò tiẹ̀ paná, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fa iná ilé yìí." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí àpótí fíúsì. "Ẹ̀yin lẹ paná. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Irọ́ mẹ́ta ló sáré wá sẹ́nu Idwal, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ṣeé gbà gbọ́. Ó gbé wọn mì.

"Èmi ni mo fà á bẹ́ẹ̀."

Hefin jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Kí ẹ tó lé mi ni, àbí lẹ́yìn ìgbà yẹn?"

"Ó ti lo ọdún mẹ́ta nínú ògiri lọ́jọ́ tí mo lé ọ."

Ojú ti Idwal, kò lè gbé orí ìdajì irun náà sókè. Omi òjò ń kán láti ara aṣọ onígbàjámọ̀ sórí ilẹ̀. Hefin tú bàbà náà kúrò lẹ́nu dírílì, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé àkàbà ṣì wà lẹ́yìnkùlé?"

"Ó wà."

"A máa fa èyí jáde, ká fi tuntun sí i tààrà kí Ìyá tó dé." Ó dìde. "Èmi ni màá gun àjà. Ẹ̀yin, ẹ mú ìkọ́, kí ẹ dúró nísàlẹ̀ de okùn."

Idwal lọ wá ìkọ́.