Nọ́ńbà Sùúrù

Lójú Bridget, ìgbà kẹta rèé tí ẹ̀rọ náà kọ̀ fún Bàbá Ọlọ́runtọ́ba. Bàbá tún tẹ àṣẹ rẹ̀ wọlé, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ìka kan ṣoṣo ló ń lò, bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó sún mọ́ ojú gíláàsì, ó kà á, ó sì rọra fà sẹ́yìn. Lẹ́tà aláwọ̀ ewé náà kò yí ohùn padà: kò láṣẹ.

"Bridget ọmọ mi," ó pè é láìbojú wẹ̀yìn, "kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Bridget de bọ́tìnnì súwẹ́tà rẹ̀ kó tó dìde. Oṣù Kẹfà ọdún 1986 ni, òjò ti ń lu páànù káàkiri Kaduna, ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í kúrò nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀ àti omi ní nígbà yẹn. Ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ méjì, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé tọ̀ ọ́. Ọ̀gá àgbà pàápàá ń bọ́ tirẹ̀. Lónìí tí kọ̀ǹpútà ti wà lórí itan ọmọdé, ta ló máa gbà pé àwọn àgbàlagbà fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan wọlé lọ bá ẹ̀rọ rí?

Bàbá kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà. Odò ni iṣẹ́ tirẹ̀. Láti ọdún 1962 ló ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ afárá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó ń ka ọ̀pá irin tí wọ́n rì mọ́ inú omi, tó sì ń kọ ibi tí omi dé sínú ìwé. Àwọn Hausa ibi iṣẹ́ ń pè é ní Baba Kogi, torí kogi ni odò lédè tiwọn. Nígbà tó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, òun àti Bridget jókòó ti ara wọn, wọ́n kó ọdún mẹ́rìnlélógún sínú ẹ̀rọ. Bàbá ń sọ ìwà odò, Bridget ń sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi í: bí òjò tó le jù nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn bá tún rọ̀, ibo ni omi máa dé lẹ́yìn àdúgbò Kudenda? Àárọ̀ àná ni àyè yọ fún wọn lórí ẹ̀rọ, ìṣirò sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án àná, ó ti dé ọdún 1971. Láàárọ̀ yìí, 1971 náà ló ṣì wà.

Bridget yẹ iṣẹ́ náà wò. Ó lanu.

"Bàbá, ta ló fi í sí mọ́kàndínlógún?"

"Èmi ni." Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Mo ní kí àwọn tó ń kánjú máa kọjá."

Ọ̀rọ̀ náà pa Bridget lẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ sunkún. Gbogbo iṣẹ́ tó bá wà nínú ẹ̀rọ yẹn ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín, àti ohun kan tí Bridget àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní nọ́ńbà sùúrù. Orí òfo ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ títí dé mọ́kàndínlógún. Bí sùúrù iṣẹ́ kan bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe máa yà fún ẹlòmíràn tó. Èyí tó bá wà ní mọ́kàndínlógún, àjẹkù ni í jẹ. Ẹnikẹ́ni ló lè ké sí ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà pé kó fi kún sùúrù iṣẹ́ òun. Kò sí ẹni tó lè ní kó dín in kù, ohun tí Bàbá sì ń gbìyànjú láti ṣe láàárọ̀ yìí nìyẹn. Bí ìdọ̀bálẹ̀ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ló rí: ìwọ lo máa dojú bolẹ̀ fúnra rẹ, ẹlòmíràn ló máa ní kó o dìde. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí ọ̀gá nìkan ni ẹ̀rọ máa gbọ́ràn sí lẹ́nu, àwọn méjì péré ló sì ní in: Ọ̀gá Fọlábí, olórí yàrá náà, àti Bridget.

"Ìpàdé àwọn ọ̀gá di aago méjì," ni Bàbá wí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbé àga padà sáyè rẹ̀, ó sì lọ dúró ti ògiri. "Bí kò bá ṣeé ṣe, ọmọ mi, kò ṣeé ṣe náà nìyẹn. A kì í bá irin jà."

Ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Bridget rí i, ó rò pé àárẹ̀ àgbà ni.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn ká ní kì í ṣe ti iṣẹ́ tó wà níwájú ti Bàbá. Lẹ́tà ilẹ̀ ni, ọgọ́fà, tòun ti àwòrán ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀rọ ń ṣètò láti ìrọ̀lẹ́ àná, tó sì ń tẹ̀ jáde kí àwọn ọ̀gá lè fọwọ́ sí i nípàdé aago méjì. Ìjọba fẹ́ pín púlọ́ọ̀tì etí odò lẹ́yìn Kudenda fún àwọn òṣìṣẹ́. Orúkọ Bridget wà lára wọn. Nọ́ńbà kọkànlélógójì ni tirẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi wà nínú yàrá kan ní Narayi, lọ́dọ̀ onílé tó ń ṣọ́ iye ìgbà tí ayálégbé ń ṣí ẹ̀rọ omi. Ìyá rẹ̀ ní Kàbà kì í kọ lẹ́tà kó má béèrè bóyá ibẹ̀ ló máa darúgbó sí. Láti àná tí orúkọ ti jáde ló ti ń kọ́lé lọ́kàn. Láàárín òru ọjọ́ kan, ó ti kọ́ ilé ìdáná, ó ti yọ fèrèsé rẹ̀ sí ìlà oòrùn, ó ti gbin máńgòrò, ó sì ti ń jẹ máńgòrò náà. Àwọn aládùúgbò wí fún un pé omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Ó ṣe àmín.

Àmọ́ òun náà ló kọ ìbéèrè Bàbá sínú ẹ̀rọ, ó sì mọ ibi tó ṣeé ṣe kí ìdáhùn yẹn forí lé. Bí ìwé Bàbá bá dé ìpàdé, ilẹ̀ lè lọ. Bí kò bá dé, ọ̀rọ̀ arúgbó lásán ni. Wọ́n á fọwọ́ sí lẹ́tà, ìjọba kì í sì í gba ohun tó bá ti fọwọ́ sí padà bọ̀rọ̀. Kò ní láti ṣe ohunkóhun. Kó ṣáà jókòó ni. Ọ̀gá Fọlábí fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé iṣẹ́ kan síwájú òmíràn láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i, Ọ̀gá sì ti lọ sí Kawo, ó di aago kan. Ta ló máa bá a wí pé ó pa òfin mọ́? Omi ọdún wo ló tilẹ̀ dé ẹ̀yìn Kudenda lójú rẹ̀? Ó jókòó. Ó ń to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Ibi tó ti ń tò ó ni Yàkúbù, tó ń gbé fáìlì kiri ọ́fíìsì, ti wọlé.

"Sannu da aiki, Madam." Ó bẹ àwọn lẹ́tà tó ti jáde wò, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Lambata hamsin da biyu ce. Mun zama maƙwabta!"

Nọ́ńbà méjìléláàádọ́ta ni tirẹ̀, wọ́n ti di aládùúgbò. Ọmọ mẹ́fà ni Yàkúbù ní, àbíkẹ́yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá rìn. Ó ní bí òjò bá ti dáwọ́ dúró báyìí, òun á bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀kù, gbogbo ilé á sì kó wọbẹ̀ kí ọyẹ́ tó mú.

"To, Yàkúbù," ni Bridget wí. "Allah ya sa albarka." Bó ṣe ń ṣàdúrà náà, ìwé tó ń tò ló ń wò.

Ó ti ṣe tán láti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá rìn ni kò lè fi ta. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí ọ̀gá wọlé, ó sì ké sí ètò tó ń darí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìpè àkọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́ lẹ́tà ilẹ̀, ó fi í sí mọ́kàndínlógún. Ìpè kejì dárúkọ iṣẹ́ Bàbá, ó gbé e kọjá òfo, lọ sí ibi tí iṣẹ́ kankan kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé. Ẹ̀rọ ò jiyàn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti ń ké láti àárọ̀ dákẹ́ lójijì.

"Bàbá," ó ní, "ẹ padà wá jókòó."

Kò pẹ́, 1971 ṣí kúrò, 1972 dé. Bàbá fa àga sún mọ́ gíláàsì. Nígbà tó di 1973, ó mi orí. "Ọdún ọ̀dá. Orí iyanrìn gbígbẹ ni ọ̀pá náà dúró sí. Síbẹ̀ mo lọ láàárọ̀, mo lọ nírọ̀lẹ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí omi." Ní 1975, odò gbé bàtà rẹ̀ méjèèjì lọ, ló bá fẹsẹ̀ lásán rìn dé ibi iṣẹ́, gbogbo ọ́fíìsì sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi parí. Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí 1978 yọ, ó na ìka sí ojú gíláàsì.

"Ọdún tí Àìná kú," ó wí. Ìyàwó rẹ̀ ni. "Ọ̀sán la sin ín. Mo ti ka omi láàárọ̀ kí n tó lọ síbi ìsìnkú, mo sì tún lọ kà á nírọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn bínú sí mi. Wọn ò mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè sunkún."

Àánú rẹ̀ ṣe Bridget. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìdajì nọ́ńbà ọdún yẹn wọlé, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kọrin, kò mọ̀ pé ẹkún wà nínú wọn. Ó bu omi fún Bàbá mu.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ọ̀gá Fọlábí wọlé, ìbọ̀sẹ̀ kan jálu lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà láti ẹnu ọ̀nà.

"Lẹ́tà mi dà?"

"Èmi ni mo dá a dúró, sà." Bridget kúnlẹ̀. "Mo gbé iṣẹ́ Bàbá síwájú. Ẹ fìyà jẹ mí tó bá yá, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí ná."

Ọ̀gá Fọlábí wò ó. "Orúkọ tìẹ náà wà níbẹ̀, Bridget."

"Mo mọ̀, sà."

Ọ̀gá yíjú sí Bàbá, ilẹ̀ ni Bàbá ń wò. Ọ̀gá dúró tì wọ́n títí ó fi ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjì lù, tí ìwé náà jáde. Ọ̀gá kà á lórí ìdúró. Omi yóò bo àwọn púlọ́ọ̀tì náà títí dé òpópónà kẹta. Ní nọ́ńbà kọkànlélógójì, yóò mu àgbàlagbà dé àyà. Ó ká ìwé náà, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì gba ìpàdé lọ.

Kó tó di aago mẹ́rin, ìròyìn ti kárí. Àwọn ọ̀gá kò fọwọ́ sí lẹ́tà kankan. Wọ́n ní àwọn á wá ilẹ̀ mìíràn tó bá yá, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò mọ bí tó-bá-yá ṣe gùn tó. Yàkúbù ní "Haba!", ó ta ògiri nípàá, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Bridget kọjá láìkí i. Bridget lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, níbi tí ariwo atẹ́gùn ti pọ̀ jù, ó sunkún díẹ̀ nítorí ilé ìdáná rẹ̀.

Ó ku kó kọ ohun tó ṣe sínú ìwé yàrá náà: iṣẹ́ wo ni, ipò wo ló wà tẹ́lẹ̀, ìgbà wo ló débẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó ṣí àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń ṣe, níbi tí àṣẹ tí ẹnikẹ́ni bá pa ti ń wà. Ó ti rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Bàbá ti fi iṣẹ́ náà sí mọ́kàndínlógún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ àná ló bẹ̀rẹ̀, sùúrù òfo, ó sì ń sáré bọ̀ geerege. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán ni Bàbá pàṣẹ pé kó di mọ́kàndínlógún.

Ọwọ́ Bridget dúró lórí ìwé. Aago mẹ́ta ọ̀sán àná ni wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Ó pariwo ní kọ̀rídọ̀, ó ra kúlíkúlí, ó pín in yí ọ́fíìsì ká. Bàbá gba tirẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì gbàdúrà pé yóò kọ́ ilé náà, yóò gbé inú rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń lọ wo ẹ̀rọ.

Ó wo ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà. Àwọn ìgbà tí ẹ̀rọ kọ̀ fún Bàbá wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìgbà mọ́kànlá ni, aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì dé ibi iṣẹ́.

Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́. Ó kọ mọ́kàndínlógún síbi tó yẹ kó kọ ọ́ sí, kò kọ aago tì í, ó sì pa ìwé náà dé.

Níta, Bàbá ń wọ bàtà rẹ̀. Àkókò ti tó láti lọ ka omi ìrọ̀lẹ́, ìwé odò wà lábíyá rẹ̀. Kò wo ojú Bridget.

"Bridget," ó ní, "ilẹ̀ rẹ yẹn..."

Bridget gba ìwé náà lábíyá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ, Bàbá, kí òjò má baà ká wa mọ́ ọ̀nà."

Odidi ọdún kan ló fi bá nọ́ńbà odò náà ṣiṣẹ́, kò sọ̀kalẹ̀ débẹ̀ rí. Wọ́n gba ọ̀nà tóóró abẹ́ afárá, Bàbá níwájú, òun lẹ́yìn. Omi ti ń pọ́n, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Bàbá ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọnú omi díẹ̀, ó sì wo ọ̀pá irin náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ló ké nọ́ńbà náà padà sí i. Bridget kọ ọ́ sílẹ̀.