Lẹ́tà Ọlọ́sẹ̀ Méje

Láti oṣù mẹ́fà tí ìjọba ti gbé iṣẹ́ omi kúrò ní olú-iléeṣẹ́, tí wọ́n sì fà á lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ni gbogbo àdúgbò ti ń pe obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka náà ní Ọ̀gá Omi. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, ká má parọ́. Ìyá tó bí i nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀ láìrẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá Omi, ẹ kú iṣẹ́ o!" Bí ìyá ṣe wọ ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nìyẹn, kẹ́tùlù òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi ni olórí omi, omi kẹ́tùlù ni mo fi ń wẹ̀. Apá ọ̀tún ẹ̀yìn mi ni mo rí fọ̀ lónìí. Ti òsì di ọ̀la."

Akọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Dúró-ná yára fi fáìlì bojú kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màámi. A ti kọ̀wé sókè."

"Ẹ ti kọ̀wé láti ọ̀sẹ̀ méje. Ṣé ìwé ni kí n máa mu?"

Ojú ti Ọ̀gá Omi. Páìpù ló bẹ́ lábẹ́ òpópónà ìyá rẹ̀, omi ń ṣòfò sí títì, ẹ̀kán kò sì dé ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Páìpù tuntun sì wà! Inú yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ni ó wà, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì ń bẹ lórí ìṣó lẹ́yìn àga Ọ̀gá Omi gan-an. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlá tó fi ṣe akọ̀wé ní olú-iléeṣẹ́, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí yàrá ìkẹ́rùsí láìsí ìwé àṣẹ. Ó bá kọ̀wé, ó jókòó, ó ń retí. Bàbá Sípánà, àgbàlagbà tó ń tún páìpù ṣe, jókòó tì í, ó ń fi òróró nu irinṣẹ́ tí kò fojú kan iṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni alábẹ̀wò tí ìjọba rán láti wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ń bọ̀. Bó bá bá ẹ̀rọ omi òpópónà yẹn ní gbígbẹ, wọ́n á gba iṣẹ́ omi padà sókè, Ọ̀gá Omi á sì padà sídìí tábìlì inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti fi ọdún méjìlá da lẹ́tà ẹlẹ́tà kọ. Ọ̀rọ̀ yìí ká a lára ju bó ṣe ń sọ lọ.

Lọ́jọ́rú ni Dúró-ná sáré wọlé. "Ìwé ti dé láti òkè!"

Gbogbo wọn yí i ká. Lẹ́tà tiwọn náà ni. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì márùn-ún ti kún ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ wa láti oṣù mẹ́fà. Olórí ẹ̀ka omi ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ni àṣẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí i."

"Ta wá ni olórí ẹ̀ka omi?" ni Bàbá Sípánà béèrè, bí ẹni tí kò mọ̀.

Ọ̀gá Omi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni ẹ̀rù wá bà á. Ìwé tí ẹni márùn-ún bá fọwọ́ sí, kò sí ẹni tí wọ́n lè dá lẹ́bi bí nǹkan bá bàjẹ́. Èyí, ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ó gbé bíírò, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. Ó fọwọ́ sí i, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó já kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó.

Kí oòrùn Ọjọ́bọ̀ tó wọ̀, Bàbá Sípánà ti fi páìpù tuntun rọ́pò èyí tó bẹ́, ẹrẹ̀ dé eékún rẹ̀, ó ń kọrin.

Nígbà tí alábẹ̀wò dé ilé ìyá lọ́jọ́ Ẹtì, omi ń dà ṣàà. Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ Ọ̀gá Omi, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi náà ni."

"Ta ló wá dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méje?"

Ì bá rọrùn láti dárúkọ olú-iléeṣẹ́. Ọ̀gá Omi kò ṣe bẹ́ẹ̀. "Èmi náà ni, sà. N kò mọ̀ pé àṣẹ ti dé ọwọ́ mi. Mo ti wá mọ̀ báyìí."

Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Ó wù mí kí iṣẹ́ yìí kù sọ́wọ́ yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sókè ná, kí n béèrè..."

Ìyá gbé kẹ́tùlù kalẹ̀ gbàm. "Ọmọ mi, ta ni wọ́n rán wá pinnu?"

"Èmi ni, mà."

"Bíírò rẹ dà?"

Ọkùnrin náà họrí. Ó wo Ọ̀gá Omi, ó wo ẹ̀rọ tó ń da omi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ síwèé lójú wọn pé kí iṣẹ́ omi máa wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá ti gbé kẹ́tùlù rẹ̀ lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Tíì ló fẹ́ fi omi yìí sè, nítorí tọ̀tún tòsì ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti fọ̀ láàárọ̀.